Kí Ni Ọdẹ Lọ Wá ní Òkè Lángbòdó? Èrè, Òkìkí àti Ìtumọ̀ Ìgbésí-ayé nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Ìfáárà

Ìrìn-àjò mẹ́ta ni Àkàrà-ògùn rìn nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìtàn àròsọ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ilé ìtàwé C.M.S. sì gbé jáde ní ọdún 1938. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìlú. Nínú méjì àkọ́kọ́, òun nìkan ni ó wọ inú igbó. Nínú ẹ̀kẹta, ó kó àwọn akọni bí i tirẹ̀ lẹ́yìn, ó sì di ẹni tí ń ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkàwé fi lè gbójú fò ó bí ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi ń mú ìtàn gùn sí i. Àmọ́ ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò kéré. Kí ni ó lè mú kí ọdẹ tó ti rí ohun tí ayé ń pè ní àṣeyọrí tún dìde padà sínú igbó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀?

Àwọn onílámèyítọ́ ti ṣiṣẹ́ takuntakun lórí ìwé yìí. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1974, yẹ àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà wò fínnífínní. Abíọ́lá Ìrèlé náà fi wọ́n sí ọ̀gangan-ipò wọn láàárín àṣà ìtàn Yorùbá, ó sì tọpa wọn dé ọ̀dọ̀ Amos Tutùọlá àti Wọlé Ṣóyínká, ẹni tó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Láàárín àwọn òǹkàwé, àríwísí kan kò tíì kúrò nílẹ̀: pé Fágúnwà a máa wàásù jù. Ilé Ìrágbèje, níbi tí àwọn ọdẹ ti jókòó fún ọjọ́ méje tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́, ni àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí. Wọ́n ní ìtàn dúró, ìwàásù bẹ̀rẹ̀.

Ojú mìíràn wà tí a lè fi wò ó. Bí a bá fi ohun tí ọdẹ ń wá nínú ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan ṣe òṣùwọ̀n, a ó rí i pé ìtàn kò dúró ní ilé Ìrágbèje. Ibẹ̀ ni ó ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé náà ń bi òǹkàwé léèrè bóyá èrè àti òkìkí tó láti fi pe ayé ẹni ní ayé, ó sì dáhùn pé kò tó. Ṣùgbọ́n kò fi iye tí ìdáhùn náà ń náni pa mọ́. Ikú obìnrin Kako, tó ṣẹlẹ̀ kí àwọn ọdẹ tó kúrò nílé, ni ìwé-owó tí ìtàn kọ tí kò sì san.

Ọdẹ tó wá ẹran, ọdẹ tó wá àlàáfíà

Nínú èrò Yorùbá, ire kì í ṣe ẹyọ kan. Ire ajé wà, ire aya wà, ire ọmọ wà, ire ilé kíkọ́ wà, ire àìkú tíí ṣe baálẹ̀ ọrọ̀ sì wà. Bí a bá ń tọrọ fún ara wa, a kì í mú ọ̀kan kí a fi ìyókù sílẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a ka Fágúnwà bí ẹni tó kórìíra ọrọ̀. Kò sí ibi kankan nínú ìwé náà tí a ti sọ òṣì di ìwà mímọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bèèrè èwo nínú àwọn ire wọ̀nyí ni ó lè dá dúró láìsí èkejì.

Iṣẹ́ ọdẹ dára láti fi bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí pé apá méjì ni ó ní nínú àwùjọ Yorùbá. Apá kan ni ẹran: ọdẹ a lọ sóko, a pa, a gbé e wálé, a jẹ, a tà, àwọn oníjàálá a sì ki í. Apá kejì ni ìṣọ́: ọdẹ ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru, òun ni ó ń mọ ọ̀nà ṣáájú ogun, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ìtàn ìtẹ̀dó fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó rí ibi tí ìlú dúró sí. Ẹni tó bá pa erin mẹ́wàá tí kò lè ṣọ́ ìlú ní òru kan ṣoṣo, apẹran ni. Ó kù díẹ̀ kí ó tó di ọdẹ.

Nínú ìrìn-àjò méjì àkọ́kọ́, apá kìíní nìkan ni Àkàrà-ògùn mú dání. Ọmọ ọdẹ ni, ó jogún iṣẹ́ bàbá rẹ̀, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì ń sọ bí oògùn ṣe kún ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó wọ Igbó Irúnmalẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni ẹran wà, nítorí pé ọdẹ tó bá wọ ibẹ̀ tó sì jáde kì í ṣe ẹgbẹ́ ọdẹ tó ń dọdẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó bá Àgbákò jà, ó sì rí ìyọnu tí kò rò tẹ́lẹ̀. Kí a wo bí a ṣe hun àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà: ewu kan tẹ̀lé òmíràn, ìgbàlà kan tẹ̀lé òmíràn, kò sì sí èyí tó mú èyí tó tẹ̀lé e wá. A lè pààrọ̀ ipò méjì nínú wọn kí ìtàn má bàjẹ́. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́hun òǹkọ̀wé ni èyí. Ìgbésí-ayé ẹni tó ń lé àṣeyọrí kan tẹ̀lé òmíràn rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó kún, ó sì dùn gbọ́, ṣùgbọ́n kò dojú kọ ibì kan.

Nígbà tí ọba ránṣẹ́ pè é fún ìrìn-àjò kẹta, gbogbo nǹkan yí padà. Ọba sọ fún un nípa Òkè Lángbòdó, ibi tí ọba wọn ti máa ń fún àwọn ọdẹ ní ohun kan tó jẹ́ pé, bí ó bá wà lọ́wọ́ ọba kan, àlàáfíà àti ìgbádùn yóò jọba ní ilẹ̀ rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta yẹ kí a kíyè sí nínú iṣẹ́ tí ọba rán an. Èkíní, ohun náà kò ní orúkọ, ọdẹ kò sì lè wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Èkejì, kì í ṣe ẹni tó lọ mú un wá ni yóò ni ín. Ẹ̀kẹta, ọba kò yọ òkìkí sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé orúkọ ọba tó bá ní ohun náà yóò kàn káàkiri. Òkìkí kò parẹ́, ó kàn kúrò lórí ọdẹ bọ́ sórí ìlú. Fágúnwà mọ̀ pé ẹ̀dá kì í dédé bọ́ ìfẹ́ òkìkí sílẹ̀. A máa ń rà á padà ní orúkọ mìíràn.

Láti ibi yìí lọ ni àhunpọ̀ ìtàn ti yí padà. Àkàrà-ògùn kò lè dá lọ mọ́. Ó ní láti wá Kako oníkùmọ̀, Ìmọ̀dòye, Ọlọ́hùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbède-ọdẹ, Ẹfọ́ìyẹ̀ tafàtafà àti Àràmàdà-òkùnrin. Ẹ̀bùn ẹnì kọ̀ọ̀kan kò jọ ti ẹnì kejì, ìṣòro ọ̀nà sì ń bèèrè fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn olórin wúlò níbi tí kùmọ̀ kò ti wúlò, òye wúlò níbi tí ọfà kò ti wúlò. Ẹ̀bùn tó ti jẹ́ ọ̀nà ìgbéraga fún oníkálukú nílé wá di ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Orúkọ Ìmọ̀dòye ló sọ ọ́ yanjú jù: ìmọ̀ tí kò bá di òye, ẹrù ni.

Ikú obìnrin Kako

Bí ìtàn bá mọ níbẹ̀, a ó ní ìwé tó rọrùn láti kà àti láti gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọdẹ tó kúrò nílé, Àkàrà-ògùn dé ọ̀dọ̀ Kako, ó sì bá a ní àkókò ìgbéyàwó. Obìnrin rẹ̀ kò fẹ́ kí ó lọ. Ó bẹ̀ ẹ́, ó dì í mú, kò sì jẹ́ kí ó rọ́nà lọ. Kako gbé àdá, ó sì pa á. Lẹ́yìn náà ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìtàn kò pẹ́ lórí rẹ̀ kí ìrìn-àjò tó tẹ̀síwájú. Bí ó ti yára kọjá yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kà á bí ẹ̀rí akin: akọni ni, kò jẹ́ kí ìfẹ́ obìnrin dí òun lọ́nà. Ìwé kan náà ló ń da ìtumọ̀ yìí rú. Òǹkọ̀wé fún obìnrin náà ní ẹnu láti fi ṣàlàyé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì jọ ọ̀rọ̀ òpònú. Ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni tí a fẹ́ fi sílẹ̀ ní ọjọ́ ìdùnnú rẹ̀ yóò béèrè. Bí Fágúnwà bá fẹ́ kí a rí i bí ìdènà lásán, ì bá ti pa á lẹ́nu mọ́.

Àfiwé pẹ̀lú ìwé kan tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọ mọ̀ dáadáa lákòókò Fágúnwà yóò là wá lóye. Nínú ìwé John Bunyan, tí a túmọ̀ sí èdè Yorùbá ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, Kristẹni náà fi aya àti ọmọ sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń ké pè é, ó fi ìka di etí, ó sì ń sáré lọ. Ọ̀pọ̀ onílámèyítọ́ ti tọ́ka sí ipa ìwé yìí lórí Fágúnwà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ló ṣe kókó níhìn-ín. Kristẹni sá lọ láti gba ọkàn ara rẹ̀ là, kò sì padà. Àkàrà-ògùn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí ìlú, àdéhùn wọn sì ni láti padà. Kristẹni fi ìka dí etí. Kako fi àdá pa ẹnu tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó di 1684, Bunyan kọ apá kejì, níbi tí aya àti àwọn ọmọ ti gba ọ̀nà kan náà tí bàbá wọn gbà. Obìnrin Kako kò ní apá kejì.

Ikú yìí kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ìwé náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ìtàn, ìyá Àkàrà-ògùn, tí a sọ fún wa pé àjẹ́ ni, kú nípasẹ̀ ìbọn ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ. Bàbá náà kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ìtàn kà sí ìyá Àkàrà-ògùn lọ́rùn. Ti Kako kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni; ìfẹ́ ló dá a dúró. Bí a bá gbé ikú méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ilé ọdẹ nínú ìwé yìí jẹ́ ibi tí ohun ìjà ti ń yí padà sí ẹni tó yẹ kí ó dáàbò bò. Àlàáfíà tí wọ́n fẹ́ lọ mú wá fún gbogbo ilé ti kú ní ilé kan kí wọ́n tó jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìwé náà kọ́ni nípa ìgbésí-ayé tó ní ìtumọ̀ nìyí. Ó rọrùn láti sọ pé kí ènìyàn fi èrè sílẹ̀ kí ó sì tẹ̀lé ohun tó ju èrè lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ohun tó ju èrè lọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sí ohun tí òun kò lè fi rúbọ fún un, títí kan ẹ̀mí ẹlòmíràn. Olójúkòkòrò lè pa ènìyàn nítorí owó, ojú a sì máa tì í. Kako pa ènìyàn nítorí iṣẹ́ ìlú, kò sì sí ẹni tó dá a lẹ́jọ́.

Ilé olójúlé méje

Nígbà tí wọ́n dé Òkè Lángbòdó, a kò fún wọn ní ohun tí wọ́n wá fún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọba ibẹ̀ fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ìrágbèje, ẹni tí ń gbé ilé olójúlé méje, kí wọ́n lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, tó sì ń fi ìtàn gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí. Àwọn tó ti bá iwin jà di ọmọ ilé-ìwé. Kùmọ̀ Kako wà nílẹ̀. Ọfà Ẹfọ́ìyẹ̀ wà nínú apó. Ọlọ́hùn-iyọ̀ pàápàá, tí ohùn rẹ̀ ti là wọ́n lọ́nà, dákẹ́ ó ń gbọ́.

Òótọ́ ni pé ìtàn falẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa bóyá ìfalẹ̀ yẹn kọ́ ni òǹkọ̀wé ń wá. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ó ti kọ́ òǹkàwé láti máa retí ìjà tó kàn. Ní ilé Ìrágbèje, ó gba ìrètí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkàwé tó bá ń yára ṣí ìwé kọjá níbẹ̀ wà ní ipò Àkàrà-ògùn ti ìrìn-àjò kìíní: ó ń wá ẹran sí i. Ìdánwò tó kẹ́yìn fún akọni ni pé kí ó lè jókòó fún ọjọ́ méje láìpa ohunkóhun.

Kí sì ni Ìrágbèje kọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ ìwà ni, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ sì wà lára rẹ̀. Wọ́n rìn kọjá igbó tí ẹlòmíràn kì í wọ̀, wọ́n gun òkè, wọ́n sì dé ibi tí a ti sọ ọ̀rọ̀ ilé fún wọn. Bí Kako ti jókòó láàárín àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí bí ilé ṣe ń dúró, òǹkàwé kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó ṣe kí ó tó dé ibẹ̀. Ìwé náà kò sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó fi ẹ̀kọ́ àti ẹ̀ṣẹ̀ sí ojú ìwé kan náà, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún wa. A tún rí àléébù kan tí kò ṣeé fi pamọ́: ọkùnrin nìkan ni ó wà nínú iyàrá yẹn. Ọ̀rọ̀ ilé ni a ń sọ, àwọn tí ilé wà lọ́wọ́ wọn kò sì sí níbẹ̀ láti fèsì.

Ọ̀gangan-ipò tí a ti kọ ìwé náà tún fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Olùkọ́ ni Fágúnwà. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ní ìlú kan náà ni ó sì ti ń kọ́ni nígbà tó kọ ìwé yìí fún ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1936. Lákòókò yẹn, ọ̀nà àṣeyọrí fún ọmọ ilé-ìwé ti là: ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ akọ̀wé, owó oṣù. Alátakò lè sọ pé kò yani lẹ́nu kí olùkọ́ fi ilé ẹ̀kọ́ ṣe òpin ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n ilé Ìrágbèje kò jọ ilé-ìwé tó ń fúnni ní ipò. Kò sí ìdánwò, kò sí ẹni tó gba ipò kìíní, kò sì sí iṣẹ́ oṣù tó ń dúró de ẹni tó bá jáde. Ìlú tó rán wọn nìkan ni ó ń dúró dè wọ́n. Olùkọ́ tó mọ ohun tí àwọn ọmọ iwájú rẹ̀ ń lé ni ó kọ ọ́.

Nígbà tí Wálé Ògúnyẹmí sọ ìtàn yìí di eré orí ìtàgé ní Lángbòdó, eré tí a ṣe ní FESTAC ní 1977, ó gbé ìrìn-àjò náà lé èjìká orílẹ̀-èdè. Ìyẹn tọ̀nà, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ tí ọba rán ọdẹ. Síbẹ̀, bí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè, ó rọrùn láti gbàgbé pé ohun tí a rí lókè kò tóbi ju ohun tí ìyá lè sọ fún ọmọ ní ìdí ààrò. Ilé ni a ti ń mọ̀ bóyá ìlú ní àlàáfíà.

Arúgbó àti akọ̀wé

Ẹ̀rí kan ṣì kù, kò sì sí nínú igbó rárá. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú arúgbó kan tó tọ òǹkọ̀wé wá tó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó sì kọ ìtàn òun sílẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wá gbọ́ ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, arúgbó náà pòórá.

Gbogbo ohun tí Àkàrà-ògùn kó jọ nínú ìrìn-àjò rẹ̀, kò kó ọ̀kan wá fún akọ̀wé. Kò béèrè owó, kò sì ní kí wọ́n fi òun jẹ oyè. Ohun tó ká a lára ni pé kí ìtàn má bá òun lọ. Ìdí ni pé ohun tí a gbà ní Òkè Lángbòdó jẹ́ ohun tó ń kú bí ẹni tó gbà á bá dá a jẹ. Ẹran tí ọdẹ pa a máa tán níbi tí a bá ti jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ Ìrágbèje kò tíì dé ilé àfi ìgbà tí ẹlòmíràn bá gbọ́ ọ. Nítorí náà, ìrìn-àjò kẹta kò parí nígbà tí àwọn ọdẹ wọ ìlú. Ó parí nígbà tí arúgbó náà sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sì dìde.

Ó yẹ kí a tún wo akọ̀wé náà. Ní 1938, iṣẹ́ akọ̀wé ni ọ̀pọ̀ òbí ń fẹ́ fún ọmọ wọn. Ìwé ìjọba ni akọ̀wé ń kọ, àpò ìjọba ni ó sì ti ń gba owó. Nínú ìwé yìí, akọ̀wé jókòó síwájú arúgbó ọdẹ, ó sì ń fi ìmọ̀ tuntun yẹn ṣe iṣẹ́ tí ìlú rẹ̀ nílò. Òun náà gba ìpè bí Àkàrà-ògùn ti gba ìpè ọba. Ó dá ohun tó ń ṣe dúró, ó sì gbọ́. Kò sì pa ẹnikẹ́ni kí ó tó lè gbọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìwé Fágúnwà kò sọ pé kí a má lépa àṣeyọrí. Àkàrà-ògùn ì bá má wúlò fún ọba bí kì í bá ṣe pé ó ti wọ igbó lẹ́ẹ̀mejì tó sì padà láàyè. Ohun tó ń sọ ni pé àṣeyọrí jẹ́ ìpalẹ̀mọ́, kì í ṣe ibùsọ̀. Bí a bá kà á báyìí, ilé Ìrágbèje bọ́ sí ipò rẹ̀, ìrìn-àjò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n kíkà náà kò pé bí a kò bá mú obìnrin Kako dání dé òpin. Àwọn tí ń ka ìwé yìí ní yunifásítì lónìí ń gbọ́ ìpè méjèèjì: ìpè oyè, ìwé ẹ̀rí àti ipò, àti ìpè iṣẹ́ tó ju ìwọ̀nyí lọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn nípa ewu ìpè àkọ́kọ́ láìmọye ìgbà. Ewu ìpè kejì ni Fágúnwà kọ sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ tí ojú ń yára kọjá lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kako lọ, ó dé Òkè Lángbòdó, ó gbọ́ ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ méje. Nínú ilé tó yẹ kí ó gbé ẹ̀kọ́ náà bọ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ẹ kú àbọ̀.